Ẹ béèrè ìràwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó mọ́tò oníná

Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí onímọ́tò kan tí kò mọ̀ ọ́n lára. Lítà epo bẹntiróò kan tí à ń rà ní iye tí kò tó 200 náírà di ohun tó lé ní 600 náírà kí oṣù keje ọdún náà tó parí. Ní Ṣómólú àti Bàrígà, níbi tí àwọn onítẹ̀wé, awakọ̀, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń jí jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná dípò epo ti wọ ẹnu àwọn ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí. Mọ́tò tí kì í mu epo, tí kì í rú èéfín, tí kì í pariwo, tí èèyàn á so mọ́ iná lálẹ́ bí ẹni ń ṣáàjì fóònù, ta ni kò ní fẹ́ irú rẹ̀? Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún owó epo tí à ń sun kò yẹ kó dí wa lójú débi tí a kò fi ní wo ohun tí a fẹ́ kó ara wa àti àwọn ọmọ wa sínú rẹ̀.

Mọ́tò oníná kì í kúkú ṣe ohun àjèjì sí wa mọ́. Lópin ọdún 2020 ni Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ṣí aṣọ lójú Hyundai Kona oníná tí iléeṣẹ́ Stallion tò pọ̀ ní Èkó. Lọ́dún 2021, àjọ NADDC, tó ń rí sí ìdàgbàsókè iṣẹ́ mọ́tò ṣíṣe nílẹ̀ yìí, mú Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà, tó múlé gbe Bàrígà, mọ́ àwọn yunifásítì mẹ́ta tí wọn yóò ti máa fi agbára oòrùn ṣáàjì irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ṣókótó àti Ǹsúkà ni méjì yòókù. Lọ́dún 2023, LAMATA àti Oando gbé bọ́ọ̀sì oníná wọ Èkó láti fi dán ojú pópó wò. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti yọ mọ́tò oníná kúrò lára ọjà tí wọ́n ń gba owó-orí VAT lé lórí. Gbogbo èyí fi hàn pé ọ̀nà ti ń là fún mọ́tò náà. Ohun tó kù ni kí a mọ èyí tó yẹ ní rírà.

Ẹ lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò, ẹ ó gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè. Èló ni? Kìlómítà mélòó ló máa rìn kí bátìrì tó kú? Báwo ni ká ti ṣe é tí NEPA bá mú iná lọ? Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn. Àmọ́ èyí tó yẹ kó ṣáájú wọn kì í sábà jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni: bí mọ́tò yìí bá forí sọ nǹkan, ṣé ẹni tó wà nínú rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ láàyè?

Ìbéèrè yìí ní ìdáhùn, nítorí àwọn kan ti ń fi mọ́tò gidi sọ ìdènà láti mọ̀ ọ́n. Ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò yìí lọ́dún 1979. Lọ́dún 1997 ni àwọn ará Yúróòpù gbé tiwọn jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Euro NCAP. Wọ́n á gbé ọmọláńgidi tó tóbi tó ènìyàn, tí ẹ̀rọ kún inú rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, jókòó síbi tí awakọ̀ àti èrò ń jókòó sí. Wọ́n á gbé ọmọláńgidi kéékèèké sẹ́yìn bí ọmọdé. Wọ́n á wá fi eré gbá mọ́tò náà mọ́ ìdènà, wọ́n á tún fi nǹkan kọ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yẹ ẹ̀rọ inú àwọn ọmọláńgidi náà wò: ṣé orí ni ì bá fọ́ ni, àbí àyà ni ì bá wó, àbí itan ni ì bá ṣẹ́? Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n fi ń fún mọ́tò ní ìràwọ̀, láti orí òdo dé márùn-ún. Márùn-ún ló dára jù.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, inú àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò kò dùn. Wọ́n ní ìdánwò náà ti le jù, pé kò sí mọ́tò tó lè gba ìràwọ̀ mẹ́rin láéláé. Kí ọdún 1997 yẹn tó parí, Volvo S40 ti gbà á. Ní ti Rover 100 tó gba ẹyọ kan ṣoṣo, àwọn oníbàárà sá fún un, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Ẹ ò rí i pé nígbà tí ẹni tó ń ra ọjà bá mọ òótọ́, ẹni tó ń ṣe ọjà á tún ìwà rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mú lọ ni pé kì í ṣe torí pé mọ́tò ń lo iná ló ṣe máa gbà yín là. Lọ́dún 2011, Mitsubishi i-MiEV oníná gba ìràwọ̀ mẹ́rin ní Yúróòpù, Nissan Leaf sì gba márùn-ún. Renault Zoe náà gba márùn-ún lọ́dún 2013. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún dán Zoe wò lópin ọdún 2021, òdo ni wọ́n fún un. Dacia Spring tí òun náà jẹ́ oníná, ìràwọ̀ kan péré ló rí gbà.

Kí ló dé tí ẹni tó gba márùn-ún fi wá gba òdo? Ohun méjì ni. Èkíní ni pé ìdánwò náà ń le sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, nítorí náà ìràwọ̀ márùn-ún ti ọdún 2013 kì í ṣe ẹgbẹ́ ìràwọ̀ márùn-ún ti ọdún 2021. Èkejì ni pé iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti yọ apò afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó tó ń dáàbò bo orí àti àyà, wọ́n sì fi èyí tó ń dáàbò bo àyà nìkan rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá rí Zoe méjì lójú títì kò lè mọ ìyàtọ̀. Ìgbà tí wàhálà bá dé ni ìyàtọ̀ náà á hàn.

Ẹ̀kọ́ kejì tẹ̀ lé e: orúkọ kì í ṣe ìràwọ̀. Hyundai Kona gba márùn-ún lọ́dún 2017. Kona tuntun tí wọ́n dán wò lọ́dún 2023 gba mẹ́rin. Lọ́dún 2021, iléeṣẹ́ Hyundai pe nǹkan bí 82,000 mọ́tò oníná padà káàkiri àgbáyé, Kona ló pọ̀ jù nínú wọn, láti pààrọ̀ bátìrì wọn nítorí ìbẹ̀rù iná. A kò sọ èyí láti ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Iléeṣẹ́ tó bá pe ọjà rẹ̀ padà ti ṣe ohun tó yẹ. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ní tòkunbọ̀ lónìí béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é, kó sì béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta dun àwa ọmọ Áfíríkà ju ìyókù lọ. Lọ́dún 2017, àjọ Global NCAP bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn mọ́tò tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Áfíríkà wò, láti orílẹ̀-èdè South Africa. Nínú márùn-ún tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Toyota Etios gba ìràwọ̀ mẹ́rin, Chery QQ3 sì gba òdo. Lọ́dún 2018, Nissan NP300 Hardbody, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí ọ̀pọ̀ ń fi ṣiṣẹ́, gba òdo. Nissan yìí kan náà ló ṣe Leaf tó gba márùn-ún ní Yúróòpù. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún àwọn tí òfin wọn le lè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tí kò béèrè nǹkan. Bí a bá dákẹ́, tara wa á bá wa dákẹ́.

Ìdí nìyí tí kò fi tó kí alágbàtà fọwọ́ sọ àyà pé mọ́tò òun gba ìràwọ̀ márùn-ún. Ẹ bi í pé: níbo ni wọ́n ti dán an wò, lọ́dún wo, ṣé irú èyí gan-an ni? Apò afẹ́fẹ́ mélòó ló wà nínú tiwọn, mélòó ló wà nínú èyí?

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ra mọ́tò ní Ṣómólú àti Bàrígà, tòkunbọ̀ ni wọ́n ń rà. Àjọ UNEP ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ nínú ìwádìí tó gbé jáde lọ́dún 2020 pé láàrin ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké àlòkù ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà, tí nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì wá sí Áfíríkà. Odindi mọ́tò ni àwọn oníràwọ̀ ń dán wò. Mọ́tò tó ti já lulẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí iléeṣẹ́ adójútòfò ti sanwó rẹ̀, tí wọ́n tà ní gbàǹjo, tí wọ́n sì tún lù tí wọ́n kùn ní Èkó, ìràwọ̀ rẹ̀ ti já bọ́ lójú ọ̀nà.

A mọ bí ọwọ́ àwọn tó ń lu ara mọ́tò ṣe mọ iṣẹ́ tó. Irin tó ká bí ìgbín, wọ́n á nà án, wọ́n á kùn ún, á máa dán. Àmọ́ irin tí iléeṣẹ́ ṣe kó lè fún pọ̀ kí ìyà má bàa dé ara ènìyàn, bí wọ́n bá ti fi iná jó o pọ̀, kì í ṣe bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Apò afẹ́fẹ́ tó ti bẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní bẹ́ mọ́ àfi tí wọ́n bá fi tuntun sí i. Àwọn kan á kàn fi ìdérí bo ojú ihò rẹ̀, wọ́n á sì pa iná ìkìlọ̀ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ wò ó dáadáa: bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kí iná apò afẹ́fẹ́ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó kú. Bí kò bá tàn rárá, tàbí tí kò bá kú, ẹ má sanwó.

Ọ̀rọ̀ apò afẹ́fẹ́ Takata tún wà níbẹ̀, tí kò yọ mọ́tò elépo sílẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ọlọ́dún gbọọrọ ló ń ba kẹ́míkà inú rẹ̀ jẹ́, tó fi jẹ́ pé dípò kó gba awakọ̀ là, ó lè fọ́n irin sí i lójú àti lọ́rùn. Ó ti pa ju 20 ènìyàn lọ ní Amẹ́ríkà. Ooru àti ọ̀rinrin, ta ló ní in tó Èkó? Àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lára ṣaṣí mọ́tò ni ẹ̀rí yín. Àjọ NHTSA ti Amẹ́ríkà fi àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè fi nọ́ńbà náà wá a lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá iléeṣẹ́ ṣì ń pe mọ́tò náà padà. Bí ẹ̀yin àgbà kò bá mọ̀ ọ́n lò, ẹ fún ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ní ti bátìrì, abẹ́ mọ́tò ló sábà máa ń wà, ó sì wúwo. Kòtò ojú ọ̀nà wa àti òkìtì tí wọ́n mọ kí ọkọ̀ má bàa sáré lè ha abẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé mọ́tò náà sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti wọnú tàbí ó ti ya. Ẹ tún rántí omi. Lọ́dún 2022 tí ìjì Ian jà ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, àwọn mọ́tò oníná tí omi iyọ̀ bò mọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná lẹ́yìn tí omi ti fà. Ẹni tó ń gbé ní Ìlàjẹ Bàrígà, létí ọ̀sà, mọ ohun tí à ń sọ nípa omi. Mọ́tò oníná tí omi bá ti mù, kí wọ́n má ṣe so ó mọ́ iná, kí wọ́n má sì gbé e sínú ọgbà tí àwọn ènìyàn ń sùn sí, títí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ẹni tí kò sí nínú mọ́tò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 tí ìjọba Èkó ti fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, tó fi mọ́ Bàrígà, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fi rìn dé òpópó ńlá. Àwọn ọmọ ń ta bọ́ọ̀lù láàrin títì, àwọn ìyá ń tajà létí gọ́tà. Mọ́tò oníná kì í pariwo bó bá ń rọra bọ̀. Nítorí èyí ni Yúróòpù fi pàṣẹ pé láti oṣù keje ọdún 2021, gbogbo mọ́tò oníná tuntun gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń dún kí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbọ́. Ẹ béèrè bóyá èyí tí ẹ fẹ́ rà ní in. Nínú èsì Euro NCAP, máàkì kan wà lọ́tọ̀ fún bí mọ́tò ṣe ń ṣàánú ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ wo ìyẹn pẹ̀lú.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ọ̀rọ̀ olówó lẹ̀ ń sọ yìí. Dáńfó tí mò ń wọ̀ láti Onípanu kò ní ìràwọ̀ kankan, ìjókòó rẹ̀ gan-an pákó ni." Òótọ́ ni. A kò sì lè dá ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mọ́tò tuntun olówó òní ni takisí ọ̀la. Èyí tó bá sì ti gbó ní Èkó, ìlú òkè àti abúlé ló ń lọ parí ayé rẹ̀ sí, níbi tí ẹ̀yin òǹkàwé wa ti ń wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà. Bí wọ́n bá jẹ́ kí mọ́tò olódo wọlé lónìí, a ó máa gùn ún fún ogún ọdún. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni ìjàǹbá ọkọ̀ pa lágbàáyé lọ́dún 2021, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni ikú náà ti pọ̀ jù bí a bá fi wé iye ènìyàn tó wà níbẹ̀.

A tún gbọ́dọ̀ sọ pé ìràwọ̀ kì í ṣe oògùn àjídèwe. Eré kìlómítà 64 ní wákàtí kan ni Global NCAP fi ń gbá mọ́tò mọ́ ìdènà. Ẹni tó bá ń sá 100 lórí afárá Third Mainland, agbára tó máa fi sọ nǹkan ju ìlọ́po méjì èyí lọ. Ọmọláńgidi inú ìdánwò náà so bẹ́líìtì mọ́ra. Ẹni tí kò bá so tirẹ̀, kó má fọkàn sí ìràwọ̀ kankan. Bákan náà, ìràwọ̀ mọ́tò kékeré kò túmọ̀ sí pé ó lè bá tírélà dù ú.

Ní ti ìjọba, ohun tí à ń béèrè kò pọ̀ ju agbára wọn lọ. Owó-orí tí wọ́n yọ kúrò dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ẹ̀dínwó ra ikú fún aráàlú. Kí àjọ SON àti NADDC pàṣẹ pé iye ìràwọ̀, ọdún ìdánwò àti iye apò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà lára gíláàsì gbogbo mọ́tò tuntun tí wọ́n bá ń tà, ní èdè tó yé ènìyàn. Kí àwọn aṣọ́bodè yẹ nọ́ńbà ṣaṣí tòkunbọ̀ wò ní èbúté, kí wọ́n mọ èyí tí iléeṣẹ́ ṣì ń pè padà. Kí àwọn VIO ní ẹ̀rọ tó lè yẹ bátìrì wò, kì í ṣe iná ẹ̀yìn àti wáípà nìkan. Kí ìjọba Èkó kọ́ àwọn panápaná, FRSC àti LASTMA nípa wáyà aláwọ̀ ọsàn tó ń gbé iná ńlá nínú mọ́tò wọ̀nyí, àti pé bátìrì tó ti fara gbá lè tún gbiná lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn mẹkáníìkì wa, torí ọ̀dọ̀ wọn náà ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, bí ọmọ yín ní Bàrígà bá pè yín lórí fóònù pé òun fẹ́ ra mọ́tò oníná, ẹ bá a yọ̀, ẹ wúre fún un. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ bi í pé: "Ìràwọ̀ mélòó ni, ọdún wo ni wọ́n fún un, ṣé mọ́tò náà kò sì tíì já rí?" Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ béèrè kó tó sanwó. Owó tí kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni ṣì lè sọ̀rọ̀; èyí tó bá ti wọ àpò alágbàtà ti di ti ẹlòmíràn.